Bí Mo Ṣe Ki Ara Mi Wọ Ìlú Ta-Ni-Ọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òjò ti sọ oko di ẹrẹ̀, ẹ ò ríbi lọ, ojúlé mi lẹ wá jókòó sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kó yára jẹ ẹ́ tán, nítorí n ò lè máa bá èèpo ẹ̀pà du ọ̀rọ̀ sọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀mí mi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ìjàpá.

Ọdẹ́jìnmí lorúkọ mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí lágbègbè yìí, àlejò ni, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i lánàá. Ọdẹ pọ̀ nílẹ̀ yìí, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó jẹ ẹ̀gún nínú àwo tí wọ́n bu ọbẹ̀ lé e lórí. Ẹ ò lè rí i. Sàlámì, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ tí àkùkọ lé wọ yàrá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ náà ń fi ọdẹ rẹ́rìn-ín!

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, irùngbọ̀n mi dúdú, eyín mi pé lẹ́nu, kò sì sí oníjàálá tó lè dúró níwájú mi. Tí mo bá ń sun ìjálá, àwọn ọdẹ á gbé ife ẹmu sílẹ̀, wọn ò ní rántí gbé e mọ́. Mo sì fẹ́ ìyàwó kan, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé tó bá kí ọ láàárọ̀, ará ilé kẹta ni yóò bá ọ dáhùn. Ohùn tó ń jáde lọ́nà ọ̀fun obìnrin yẹn, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí i.

Ní ọjọ́ ìpàdé ọdẹ kan, ẹmu dùn, ìyìn pọ̀, orí mi wú. Mo dìde, mo na ìbọn sí ọ̀ọ́kán igbó, mo ní: "Bí iwin kan bá wà nínú igbó yìí tó láyà, kó wá sílé Ọdẹ́jìnmí, kó wá mú ohun tó bá wù ú!" Àwọn ọdẹ hó yèè. Wọ́n ní ọkùnrin ni mí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró lọ pọnmi lódò lọ́sàn-án gangan. Ó gbé omi dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó la ẹnu láti kí mi, kò sí ohùn. Ó tún la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó fi ọwọ́ di ọ̀fun mú, ó sì wò mí.

Kí n má tàn yín o. Oṣù méjì àkọ́kọ́, inú mi dùn. Ilé tòrò minimini. Bí mo bá jẹun tán, kò sẹ́ni tó ń bi mí níbi tí mo sùn. Mo tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìyàwó mi ti ní sùúrù. Oṣù kẹta ni ojú mi là. Mo ti oko dé lọ́jọ́ kan, mo ju òkété méjì sílẹ̀, mo dúró kó bi mí pé ṣé òkété méjì péré ló mú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò lè bèèrè. Ó jókòó ti ààrò, ẹnu rẹ̀ ń mì, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Mo mọ̀ pé ẹnu èmi ló ṣe é. Mo wọ inú yàrá, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Mo tọ Ìyá Efúnyẹmí lọ, ìyá arúgbó tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mi orí. Ó ní: "Ìlú kan wà lẹ́yìn igbó, Ìlú Ta-Ni-Ọ́ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹ̀dá abàmì ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá àti èdè tó gbọ́, kò ní wọlé. Iwin tí kò bá ní ohùn, yóò wá ohùn lọ. Ibẹ̀ ni ohùn ìyàwó rẹ wà. Lọ mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ, Ọdẹ́jìnmí! Mo bẹ̀ ọ́, ẹnu ẹ!"

Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ẹnu mi ti gba ìkìlọ̀. Mo gbé ìbọn, mo wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, ó di inú igbó.

Igbó yẹn, tí mo bá ní kí n máa ka igi inú rẹ̀ fún yín, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀nà ti dí. Ẹ̀dá kan dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó ní ẹnu kan níwájú orí, ó ní òmíràn ní ìpàkọ́. Ti iwájú ń bèèrè ọ̀rọ̀, ti ẹ̀yìn ń fi ìdáhùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ò bà mí rárá, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń gbọ̀n, ìyẹn sì jẹ́ ìwà ẹsẹ̀. Aràrá kan jókòó lórí gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí wọ́n máa jọ kọjá. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Gọ̀gọ̀rọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìrètí ṣì wà pé yóò ga.

Ẹnu iwájú ní: "Kí ni ó ń wọ ìlú ṣáájú ẹni tó ni ín, tí olúwarẹ̀ bá sì jáde tán, tí yóò ṣì jókòó síbẹ̀?"

Mo ní: "Ajá mi ni."

Ẹnu ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Gọ̀gọ̀rọ̀ dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó ní: "Orúkọ ẹni ni." Ẹ̀dá náà yà fún wa. Mo sọ fún Gọ̀gọ̀rọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn. Ó kàn ń rìn lọ ní tirẹ̀.

A dé ẹnubodè Ìlú Ta-Ni-Ọ́. Arúgbó iwin kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, Tẹ́tí ni wọ́n ń pè é, etí rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ dé èjìká. Ó jókòó ti ògiri amọ̀ tútù kan. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, yóò bi í ní ohun mẹ́rin: ta ni ọ́, níbo lo ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ kí ni ilé yín ń ṣe, èdè wo lo gbọ́? Tó bá ti gbọ́ ìdáhùn, yóò fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ náà, amọ̀ á gbẹ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Gọ̀gọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ sí mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tó o bá pe ara rẹ níbí ni wọn yóò máa fi bá ọ gbé. Má sọ ju bó ṣe rí lọ."

Egbére kan ló wà níwájú wa, ẹní rẹ̀ lábíyá. Ó ní: "Egbére ni mí, ìdí àràbà ni mo ti wá, ẹkún sísun niṣẹ́ ilé wa, mo gbọ́ èdè ọjà àti èdè òru." Wọ́n tẹ amọ̀, ó wọlé. Èdè ọjà yìí ni gbogbo ẹ̀dá ìlú náà jọ ń sọ, ó sì jọ ti wa, àfi pé wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kan Gọ̀gọ̀rọ̀. Ó ní: "Aràrá ni mí, abẹ́ òkè ni mo ti wá, alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, mo gbọ́ èdè ọjà àti èdè òkúta." Tẹ́tí tẹ amọ̀, ó ní kí wọ́n fún un ní yàrá lẹ́bàá àwọn alágbẹ̀dẹ. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń sín lọ.

Ó wá kan èmi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nílẹ̀ wa níbí, tí wọ́n bá bi ọkùnrin pé ta ni ọ́, ní gbangba, tí àwọn èèyàn tò lẹ́yìn rẹ̀, tí obìnrin wà níbẹ̀, ṣé orúkọ lásán ni yóò dá, tí yóò sì panu mọ́? Àbùkù kọ́? Ìkìlọ̀ Ìyá Efúnyẹmí fò lọ lórí mi. Mo gbé ìbọn lé èjìká, mo húkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi:

"Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ erin tí í forí wó ògiri,
Ọmọ ajẹ-ẹ̀gún-bí-ẹni-jẹyán,
Ọmọ a-sùn-sórí-òkè-fi-ìjì-bora,
Mo gbọ́ èdè mẹ́rìndínlógún kí n tó hu eyín!"

Ó dùn lẹ́nu mi, kí n má purọ́. Mo wo ẹ̀yìn láti rí àwọn tó máa pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú àánú. Tẹ́tí gbé etí kan sókè, ó ní: "Ṣé gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?" Gọ̀gọ̀rọ̀ fa gbérí mi lẹ́sẹ̀, ó ní: "Sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀rẹ́." Mo ní ẹni tí kò ga kì í rí ọ̀ọ́kán. Mo dá Tẹ́tí lóhùn pé: "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mo tilẹ̀ dín in kù." Ó fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Amọ̀ gbẹ.

Ẹ̀yin èèyàn, n ò rí ìlú tó mọ àlejò ṣe bí ìlú yẹn rí láyé mi. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n ní ká jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgalà síwájú Gọ̀gọ̀rọ̀. Wọ́n gbé àwo ńlá síwájú tèmi, wọ́n ṣí i. Ẹ̀gún ni! Ẹ̀gún tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wọ́n kó o jọ roboto bí òkèlè, wọ́n bu ọbẹ̀ lé e. Ìyá tó gbé e wá kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, bàbá, a ò mọ irú èyí tí ẹ fẹ́ràn, la bá ṣa oríṣiríṣi." Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo jẹ mẹ́ta. Ètè mi wú bí ètè ẹṣin. Mo ní mo ti yó, mo dúpẹ́, wọ́n sì ní àwọn á bá mi tọ́jú ìyókù di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, wọn ò fún mi léní. Àwọn géńdé mẹ́rin sìn mí gun orí àpáta kan tí ìjì ti ń jà láìdúró, wọ́n ní kí n rọra bora. Ìjì náà fẹ́ gbérí mi bò mí lójú, ó fẹ́ fìlà mi lọ sí ìlú tí n kò mọ̀, òkúta ń ta mí nímú. Àwọn géńdé yẹn jókòó sísàlẹ̀, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹ wo bó ṣe ń gbádùn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Mo ti pe ara mi ní ọmọ erin, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹní.

Ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ síbi ògiri kan. Ó ti lé lọ́dún méje tí wọ́n ti fẹ́ wó o, wọ́n ní ọmọ erin ni àwọn ń dúró dè. Mo forí sọ ògiri yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ògiri náà mì. Ẹ gbà mí gbọ́, ó mì díẹ̀. Sàlámì, bó o bá tún rẹ́rìn-ín, màá ní kó o lọ forí sọ tilé mi kí á wò ó.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ara ló dùn mí. Ohun tó dùn mí dé ọkàn ni pé gbogbo ibi tí wọ́n mú mi lọ, mò ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ohùn Àwẹ̀ró, n ò sì gbọ́ ọ. Mo bi Gọ̀gọ̀rọ̀ bóyá ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó máa ń ró bí agogo. Ó ní òun ò tíì gbọ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòrúùrù pé bóyá n ò ní rí i mú lọ sílé, pé bí obìnrin yẹn yóò ṣe máa ya ẹnu lófìfo títí tí ikú yóò fi dé nìyẹn, torí àsọjù tèmi.

Ọjọ́ kẹta ni ọba ránṣẹ́ sí mi. Ẹjọ́ kan wà láàfin, iwin igi kan ló ń bá obìnrin olórí ẹja kan ṣe é. Ará etídò lẹ́yìn odi ni wọ́n, ọba ló ní kí wọ́n mú wọn wọlé fún ẹjọ́ náà. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, wọn ò gbọ́ èdè ọjà, ọba sì ti gbọ́ pé ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́rìndínlógún wọ̀lú. Ààfin kún dẹ́múdẹ́mú. Ọba ní: "Ọdẹ́jìnmí, túmọ̀ fún wa."

Iwin igi sọ̀rọ̀. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ pákó. Mo fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, mo ní: "Kábíyèsí, ó ní òun kí yín kú ilé." Ọba ní ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, ìkíni lásán ni? Mo ní ilé wọn ni wọ́n ti ń kíni báyẹn. Obìnrin olórí ẹja náà sọ tirẹ̀, ó ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà, ó ń na ọwọ́ sí iwin igi. Òógùn bò mí. Mo rò ó pé tí obìnrin bá ń na ọwọ́ sí ọkùnrin tójú ẹ̀ sì pọ́n báyìí, kí ló tún lè jẹ́? Mo ní: "Kábíyèsí, ó ní òun fẹ́ ẹ." Ariwo ta. Iwin igi tún pariwo, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Mo ní: "Òun náà gbà."

Inú ọba dùn. Ó ní òun rò pé lórí ilẹ̀ etídò ni wọ́n ti ń jà látọdúnmọ́dún, òun ò mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé iṣu ìyàwó wá kíá, kí wọ́n so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti di iwin igi lápá, wọ́n ti ń ti obìnrin olórí ẹja sún mọ́ ọn, ojú àwọn méjèèjì yọ síta. Ìgbà yẹn ni ohùn kan ké láàárín èrò pé:

"Irọ́ ló ń pa! Ẹ wò ó o, irọ́ ni bàbá yìí ń pa!"

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú ilé mi tó ẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹnu kan ṣoṣo ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohùn Àwẹ̀ró ni! Mo yíjú. Ọmọbìnrin iwin kékeré kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, ló di ìró ìyá rẹ̀ mú, tó na ìka sí mi. Mo wólẹ̀ sí àárín ààfin, mo bú sẹ́kún.

Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó dúró tì mí. Kò bínú. Ó kàn bi mí ohun tí wọ́n bi mí ní ẹnubodè: "Ta ni ọ́?"

Mo sọ ọ́. Mo ní: "Ọdẹ́jìnmí ni mí. Ìgbín ni bàbá mi ń ṣà tà. Bàbá rẹ̀ pa ẹtu kan rí, ẹtu náà ń ṣàìsàn. Tí ẹ̀gún bá gún mi lẹ́sẹ̀, ìyàwó mi ló ń bá mi yọ ọ́, mo sì máa ń ké. Èdè méjì péré ni mo gbọ́, ìyẹn èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, àti ìjálá tí ọ̀gá mi kọ́ mi fún ọdún mọ́kànlá. Ohùn ìyàwó mi ni mo wá wá. Ọmọ yìí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣàánú mi."

Tẹ́tí bu omi sára ògiri ẹnubodè, ó pa ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ rẹ́. Wọ́n tú iwin igi sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà wá jáde, iwin odò ni, òun ló ti ń gbé inú odò tí Àwẹ̀ró ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀. Ó ní: "Kábíyèsí, n ò jalè. Ọkùnrin yìí ló pariwo ní etígbó pé kí iwin tó bá láyà wá mú ohun tó wù ú nínú ilé òun. Mo láyà. Ohùn yẹn ló wù mí. Ọmọ mi pé ọdún méje láìpè mí ní ìyá rí, wọn ò sì jẹ́ kó wọ̀lú, wọ́n ní kò lè sọ ẹni tó jẹ́. Ṣé kí n fi ọmọ sílẹ̀ ní ẹnubodè ni?"

Òótọ́ ni. Mo wo ọmọ náà, ọmọ náà wò mí. Mo rí i pé tí mo bá gba ohùn yẹn, bí ìyàwó mi ṣe rí lẹ́bàá ààrò ni ọmọ yẹn yóò ṣe rí. Inú mi bàjẹ́ sí i.

Ọba ní: "Ọdẹ́jìnmí, ohun tí kì í ṣe tìrẹ lo fi ta iwin lọ́rẹ. Ohùn ìyàwó rẹ, ti ìyàwó rẹ ni. Kí ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, mú èyí tó jẹ́ tìrẹ wá, kí o fi dípò."

Mo ka èdè mẹ́rìndínlógún mi lórí ìka, ó ku méjì. Tí mo bá fi èdè ìyá mi sílẹ̀, odi méjì ni yóò máa wo ara wọn nínú ilé wa. Ìjálá ló kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí, ẹ gbọ́. Ọmọ aṣàgbín ni mí. Ìjálá yẹn nìkan ló jẹ́ kí àwọn ọdẹ máa sún fún mi lórí ìjókòó. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ló kù fún mi? Mo rò ó títí. Mo wá rántí bí ẹnu Àwẹ̀ró ṣe ń mì lọ́jọ́ yẹn, mo ní: "Ẹ gbà á."

Wọ́n fi amọ̀ tútù lé mi lọ́fun, wọ́n fi lé ọmọ náà. Wọ́n ní kí n sun gbogbo ìjálá tí mo mọ̀. Mo sun ti erin, mo sun ti ẹfọ̀n, mo sun ti àgbọ̀nrín, mo sun èyí tí ọ̀gá mi kọ́ mi kẹ́yìn kó tó kú. Bí mo ṣe ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kúrò lórí mi, n kò ní mọ̀ mọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ohùn Àwẹ̀ró ti wọ inú àdó kékeré kan, ó ń kùn nínú rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé etí, ó fa ohùn:

"Ìyá mi, arẹwà odò tí í fi ìrì wẹ̀,
Ọmọ a-gbélé-omi-má-tutù,
Òǹgbẹ ńlá abìjà ti ká mi mọ́ ọ̀nà ọ̀fun,
Ẹ bá mi bu omi kí n mu!"

Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní: "Omi lásán lo fẹ́?" Wọ́n bu omi fún un. Mo gbọ́ pé títí di òní, ọmọ yẹn ò lè tọrọ iyọ̀ láìki bàbá iyọ̀ àti ìyá iyọ̀. Ará ìlú náà ló ń fara dà á o, èmi kọ́.

Mo kí Gọ̀gọ̀rọ̀ pé ó dìgbà, mo gba ilé lọ. Àwẹ̀ró mu ohun tó wà nínú àdó náà tán. Ó húkọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ọdẹ́jìnmí, ta ló ní kó o fi mí tọrẹ?" Ohùn rẹ̀ ti wà láàfin, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó mi, n ò sì tètè dìde.

Ìpàdé ọdẹ tún dé. Ọdẹ́rìndé, tí ó ti ń bá mi du ipò láti ọjọ́ pípẹ́, sun ìjálá kan kọ lù mí. Ẹ mọ̀ pé tí ọdẹ bá kọ lu ọdẹ báyẹn, ìjálá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo dìde. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kí n ṣàlàyé pé mo ti fi ìjálá mi fún ọmọ iwin, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ọdẹ́rìndé ní: "Ọmọ aṣàgbín, padà sídìí ìgbín rẹ." Wọ́n ní kí n dìde lórí àga àwọn oníjàálá, kí n lọ jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n so àwọn ajá mọ́. Mo lọ. Ojú tì mí dé egungun.

Àwẹ̀ró wà lára àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wọlé. Ó sọ àwo kalẹ̀. Ó so ìró rẹ̀ le. Ó ní: "Ọdẹ́rìndé! Ìwọ tó o yìnbọn pa ewúrẹ́ àna rẹ, tó o ní ìgalà ni! Tó o gbé e wálé tòun ti okùn lọ́rùn! Ìwọ lo lẹ́nu láti bá ọkọ mi sọ̀rọ̀?" Kò dúró. Ó bọ́ sórí ẹni tó jókòó tì í, ó bọ́ sórí olórí ọdẹ pàápàá, kò fi ẹnì kan sílẹ̀, ẹni tó sùn lórí igi tó jábọ́, ẹni tí ọ̀bọ jí fìlà rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Nígbà tó kàn wọ́n tán, ó yíjú sí mi níbi tí mo wà láàárín àwọn ajá. Ó ní: "Ìwọ náà ńkọ́, aláìnítìjú, elẹ́nu gbòòrò! Dìde níbẹ̀ jàre, a ò tíì ní igi ìdáná nílé!"

Mo dìde. Mo gbé igi rù nínú oko, òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ó bú mi láti ibẹ̀, ó bú mi kọjá odò, ó bú mi dé oríta, ohùn náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń ró gbogbo ọ̀nà. Àwọn tó pàdé wa ń ṣàánú mi. Èmi sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀nà má tètè tán.